Ọmọ mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà létí òkun

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Leeds ni mò ń gbé, èmi nìkan ni mò ń tọ́ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣèlérí pé a ó lọ gbafẹ́ létí òkun, ọdún yìí lowó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Mo ti gba yàrá ọjọ́ mẹ́rin ní Scarborough. Ẹ̀rù wá ń bà mí. Mi ò mọ odò wẹ̀, òun náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, fóònù ni kì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Kí ni kí n ṣe tí ìrìn àjò yìí ò fi ní dìjà? Ṣé kí n jẹ́ kó wọ omi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú oríire. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ kan. Èmi náà fi iṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó kó irú owó yẹn jọ, póùn márùn-ún márùn-ún, sínú agolo Milo kan lókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn èyí tó rọrùn. Ẹ ra Family & Friends Railcard, káàdì tó ń dín owó reluwé kù, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta lórí owó tiyín, wọ́n á yọ 60% lórí tọmọ. Tó bá jẹ́ àsìkò iléèwé lẹ gba yàrá sí torí pé ó dínwó, wọ́n lè bu ìtanràn lé yín torí pé ẹ yọ ọmọ ní iléèwé: £80 ni, tí ọjọ́ 21 bá sì kọjá, ó di £160. Orí òbí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bù ú lé. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí èrè nínú kéèyàn dá tọ́mọ nìyẹn. Ti fóònù, ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹyẹ òkun Scarborough bá já ẹja díndín gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbójú sókè fúnra rẹ̀.

Ti omi ló ku. Òun gan-an ni mo ṣe jókòó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, èmi àti ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, lọ sí Camber Sands, etí òkun kan ní gúúsù England. A wọ reluwé ní St Pancras, a sọ̀ ní Ashford, a wọ òmíràn dé Rye, ká tó tún wọ bọ́ọ̀sì. Mo ti se jọ̀lọ́ọ̀fù, mo din ẹran, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú kúlà. Nígbà tá a débẹ̀, òkun ti fà sẹ́yìn débi pé iyanrìn lásán lèèyàn ń rí, tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ. Èkó ni mo dàgbà sí. Bar Beach ni mo mọ̀, níbi tí ìgbì ti ń bú ramúramù, tí ojú fúnra rẹ̀ á sọ fún ẹsẹ̀ pé kó má sún mọ́ ọn. Omi tí kò pariwo ò bà mí lẹ́rù. Mo ní kó máa lọ ṣeré. Mo sì sùn. Ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti bọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, mo sùn fọnfọn lórí aṣọ tí mo tẹ́.

Nígbà tí mo lajú, òun nìkan ló wà lórí òkìtì iyanrìn kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fi igi kọ nǹkan sílẹ̀. Omi ti wà láàárín èmi àti ẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe ní Camber nìyẹn: kì í gba iwájú wá kéèyàn rí i. Àwọn kòtò tó wà lẹ́yìn òkìtì ló ń kọ́kọ́ kún, ẹni tó dúró sókè á ṣì rò pé ilẹ̀ gbígbẹ lòun wà. Mo sáré dé etí omi, mo figbe ta: "Padà! Padà sẹ́yìn! Omi ti dé!"

Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ láti 2003, ẹyọ kan ò sí lẹ́nu mi. Mo tún pariwo. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní: "Àmín!"

Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, àbúrò mi obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, mo máa ń gbàdúrà sókè ní pálọ̀: kí ọ̀tá padà sẹ́yìn, kí àìsàn padà sẹ́yìn. Òun á ṣe àmín látinú yàrá. Ibi tó ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi bá a sọ̀rọ̀ rí.

Ẹ̀ṣọ́ kan láti RNLI, ẹgbẹ́ tó ń dóòlà ẹ̀mí lójú omi, ló fọn fèrè, tó wọ inú omi lọ mú un. Omi ti mù ú dé àyà kí wọ́n tó jáde. Ìgbà tá a délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé omi gbé ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tó wá láti London lọ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, oṣù kẹjọ 2016, àti pé ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fi àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn síbẹ̀. Nínú reluwé, ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò pe òun lédè tóun gbọ́. Mo ní kó jẹun.

Wọ́n á máa ní àwa la ò sọ Yorùbá sọ́mọ. Ta ni ì bá sọ ọ́? Ọmọ ọdún méjì ló wà tí olùkọ́ kan ti ní kí n mú èdè kan, pé èdè méjì ni ò jẹ́ kó tètè sọ̀rọ̀. Mo gbà á gbọ́, torí ó fi káàdì kọ́rùn. Abẹ́òkúta ni ìyá mi wà, ojú fóònù ló ti mọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èmi ń sùn lọ́sàn-án, mò ń ṣiṣẹ́ lóru. Mo ti ro ẹjọ́ yìí fún ara mi títí, mi ò tíì jàre.

Ẹ jẹ́ kó wọ omi. Àárín àwọn àsíá tó ní pupa àti yẹ́lò lára ni kó wà, ibẹ̀ làwọn ẹ̀ṣọ́ ń wò. Ẹ wo àkókò tí omi ń kún kẹ́ ẹ tó jáde ní yàrá. Bíi wákàtí mẹ́fà ló fi ń fà, bíi mẹ́fà ló fi ń padà. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, kẹ́ ẹ ní Coastguard, àwọn adóòlà ẹ̀mí létí òkun, lẹ fẹ́. Ti ìwẹ̀ odò, ẹ bi ẹlòmíì, èmi ò tíì kọ́ ọ. Ẹ má sì di irun olówó gọbọi fún un lọ́sẹ̀ yẹn. Kí ẹ tó wọ reluwé, ẹ dúró lókèèrè kẹ́ ẹ pè é pé "padà", kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣe.

Tèmi ti wà ní yunifásítì. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ká tún lọ sétí òkun, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Agolo Milo yẹn ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, £140 ló wà nínú rẹ̀ báyìí.