Tábìlì kan fún ará Ìbàdàn àti ará Houston: VTT wo la fẹ́ lò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àwa márùn-ún la jọ máa ń ṣe Dungeons & Dragons nígbà tá a wà ní yunifásítì, èmi ni mo sì máa ń darí eré. Ní báyìí, àwa mẹ́ta la ṣẹ́kù n'Íbàdàn, ẹnì kan wà ní Manchester, ẹnì kan wà ní Houston. A fẹ́ padà sídìí eré wa ní alaalẹ́ Sátidé. Wọ́n ní ká lo virtual tabletop, àmọ́ ọ̀kan nínú wa ní Roll20, òmíràn ní Foundry, ẹ̀kẹta ní WhatsApp náà tó. Láptọ́ọ̀pù mi ti pẹ́ díẹ̀, MiFi ni mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan nínú wa ò sì ní ju fóònù lọ. Èwo ni ká mú? Èló ló máa ná wa? Tí iná bá lọ láàárín eré ńkọ́?

Ìdáhùn

Ẹ fi orúkọ Roll20 àti Foundry sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń fi fóònù ṣeré yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Tí tábìlì ò bá ṣí lórí fóònù rẹ̀, èèyàn mẹ́rin ni yóò máa ṣeré, ẹnì kan á máa wòran. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe jẹun, alẹ́ Friday ni mo fi ń darí eré, ibi tí mo sì ti rí i pé eré ń túká jù ni ibi tí ọ̀gá eré ti ra ohun tó wu òun nìkan.

Fún àwọn tó ń kà á tí wọn ò mọ ohun tá à ń sọ: Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é. Ẹnì kan á máa pa ìtàn bí ẹni ń pa àlọ́, ṣùgbọ́n dípò kí àwọn yòókù kàn máa gbe orin, àwọn ló ń sọ ohun tí Ìjàpá máa ṣe, dáìsì ló sì ń sọ bóyá ó ṣe é yọrí. Virtual tabletop, VTT lẹ́nu àwa tá à ń lò ó, kò ju tábìlì yẹn náà lọ tí wọ́n gbé sójú kọ̀ǹpútà: máàpù, àwọn tókìnì tó dúró fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, dáìsì, àti ìwé tí agbára ẹ̀dá ìtàn wà nínú ẹ̀.

Owlbear Rodeo ni màá ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nínú bíráúsà ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá eré nìkan lẹ máa ṣí àkáǹtì. Àwọn yòókù á kàn tẹ líǹkì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ni. Kò mọ òfin eré kankan o. Kò ní bá yín yọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn iye ẹ̀mí tó ṣẹ́kù fún ẹ̀dá ìtàn, kúrò lára ẹni tí wọ́n gé. Máàpù, tókìnì, dáìsì, ó parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi bébà àti pẹ́ńsù ṣe é rí, kí lẹ tún ń wá?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá yín ṣírò, Roll20 ló kàn. Láti 2012 ló ti wà, inú bíráúsà lòun náà wà, ẹ sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àyè díẹ̀ láti kó àwòrán sí. Ìwé ẹ̀dá ìtàn wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lórí ẹ̀ tí dáìsì á sì yí fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń gbowó fún ni ìmọ́lẹ̀ tó ń tẹ̀ lé tókìnì kiri, èyí tí ẹni tó di àtùpà mú fi ń rí yàrá tí ẹni tó wà nínú òkùnkùn ò rí. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Orí tábìlì yẹn nìkan ni mo ti lè tan iná nígbà tó bá wù mí. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọwọ́ ṣí òkùnkùn kúrò lórí máàpù díẹ̀díẹ̀ láìsanwó, ó sì tó. Ojú fóònù kéré fún Roll20, nítorí náà kí ọ̀rẹ́ yín fi dáìsì yíyí àti ìwé ẹ̀dá ìtàn sí ọ̀dọ̀ tiẹ̀, kí ẹlòmíràn máa bá a sún tókìnì.

Foundry ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ẹ̀. Ọdún 2020 ló jáde, 50 dọ́là ni, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa san án, ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ló sì máa rà á. Òun ló lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi gan-an òun ni mò ń lò. Àmọ́ kọ̀ǹpútà yín ni yóò di ilé tí gbogbo yín á wọ̀, port 30000 ni ilẹ̀kùn rẹ̀, MiFi yín ló sì máa ba nǹkan jẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sábà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Ẹ rántí ilé face-me-I-face-you tí gbogbo ayálégbé ń lo nọ́ńbà ilé kan náà: ẹni tó bá fẹ́ jáde á jáde láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n àlejò tó bá ti ìta dé ò mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn. Ìdí nìyẹn tí YouTube fi ń ṣí lọ́dọ̀ yín dáadáa, tí ará Houston á sì tẹ líǹkì yín títí tí kò ní rí nǹkan kan. Kò sí bọ́tìnì tẹ́ ẹ lè tẹ̀ lórí MiFi tó máa yanjú ẹ̀, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ Sunday wá a bí èmi ṣe wá a nígbà kan.

Tí Foundry bá wù yín dandan, kí ẹni tó wà ní Manchester rà á, kó fi í sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nílé, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì onífáíbà wà, kó ṣí port yẹn lórí ráútà rẹ̀, kó wá fún yín ní ipò ọ̀gá eré. Kò di dandan kí ẹni tó ni ilé jẹ́ ẹni tó ń darí eré. Láti Ìbàdàn, bíráúsà lásán lẹ máa fi wọlé. Áàpù kan tó ń jẹ́ Tailscale náà lè so kọ̀ǹpútà yín pọ̀ láìṣí port, àmọ́ olúkúlùkù ló máa fi í sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹni tó ń lo fóònù á ṣì jìyà díẹ̀, torí wọn ò ṣe Foundry fún ojú fóònù.

Ẹ má tíì ra ìwé kankan. Ìwé tẹ́ ẹ bá rà lórí Roll20 kì í sábà bá yín lọ sí Foundry, ẹ ó tún un rà ni. Láti January 2023 ni apá tó pọ̀ nínú òfin Dungeons & Dragons, tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1, ti wà lábẹ́ Creative Commons, ìyẹn ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó fún odidi ọdún kan.

Dátà wá ńkọ́? Máàpù ló ń jẹ ẹ́. Máàpù kan tí wọ́n pín sí ojú onígun mẹ́rin 30 ní ìbú àti 20 ní òró, píkísẹ́lì 2100 sí 1400 ti tó o bí ẹ bá fún ojú kọ̀ọ̀kan ní píkísẹ́lì 70 lórí Roll20. Mo ti gbé máàpù 14 MB kalẹ̀ rí nítorí pé ewé igi inú ẹ̀ wù mí. Ẹni tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ nínú wa rí ojú dúdú fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nígbà tí àwòrán máa fi yọ, wọ́n ti pa ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ẹ sọ àwòrán di JPG tàbí WebP kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, kí gbogbo èèyàn sì ṣí tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ eré kó ti wọlé dè wọ́n.

Ohùn kò wọ́n rárá. Kilobit 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá ni Discord, áàpù tá a fi ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ń lò bí ẹ ò bá yí i padà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 29 MB fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀ wákàtí kan gbáko láìmí. Kámẹ́rà ni kẹ́ ẹ pa. Ẹ má sì gbé ohùn sínú VTT fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́tọ̀, lórí fóònù, torí ìyẹn náà ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ iná. Láptọ́ọ̀pù lè kú, ráútà lè kú, fóònù á ṣì wà láàyè. Níṣojú mi, iná lọ nígbà tí àwọn ọmọ ń jà lẹ́nu ilẹ̀kùn kan, mo ní, “Ẹ̀yin méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀tá kan wà lápá òsì, ó fi ìṣísẹ̀ mẹ́ta jìnnà,” a bá eré lọ. Mo ti kọ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn sínú ìwé kékeré kan kí iná tó lọ ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Kí n má gbàgbé: ẹ fi àwọn ẹ̀dá tẹ́ ẹ fẹ́ fi pa mọ́ sí ìpele GM (èyí tí ọ̀gá eré nìkan ń rí) lórí Roll20, kẹ́ ẹ sì fi àkáǹtì kejì wọlé wo ohun tí àwọn yòókù ń rí. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ti múra dírágónì kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò tíì kí wọn káàbọ̀ tán tí ọmọ kan fi béèrè pé, “Ọ̀gá, ẹran pupa ńlá wo ló sùn sí yàrá kẹrin?”

Ẹnì kan máa sọ pé dáìsì kọ̀ǹpútà ń ṣe ojúsàájú. Wọ́n máa ń sọ ọ́ níbi gbogbo. Lórí dáìsì ojú 20, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni 20 ní, bíi ti ojú yòókù. Ẹ tẹ /roll 1d20+5 síbi tẹ́ ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra yín, ìyẹn dáìsì ojú 20 kan pẹ̀lú 5 lórí ẹ̀, gbogbo yín lẹ máa rí èsì. Tí òfin bá ní kẹ́ ẹ yí méjì kẹ́ ẹ mú èyí tó ga, /roll 2d20kh1+5 ni, lórí Roll20 àti Foundry. Ẹni tó bá ṣì ń kùn, kó lọ wá dáìsì ojú 20 rà ní Dùgbẹ̀.

Ó ku aago. Nàìjíríà kì í sún aago, Britain àti Amẹ́ríkà ń sún tiwọn, wọn kì í sì í sún un lọ́jọ́ kan náà. Agogo 8 alẹ́ yín jẹ́ agogo 7 alẹ́ ní Manchester àti agogo 1 ọ̀sán ní Houston nígbà òtútù. Nígbà ooru, ó di agogo 8 alẹ́ àti agogo 2 ọ̀sán. Ọjọ́ Sunday kejì oṣù March ni Amẹ́ríkà ń sún tiẹ̀, Sunday tó kẹ́yìn oṣù náà ni Britain. Nítorí náà, ẹ fi aago Ìbàdàn ṣe aago eré, kẹ́ ẹ sì rán ará Houston létí lóṣù March. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jókòó ní agogo 1 bó ṣe máa ń ṣe, á máa wo máàpù tí kò sí ẹnì kankan lórí ẹ̀, torí agogo 7 ṣẹ̀ṣẹ̀ lù lọ́dọ̀ yín ni.