Kí ni ìtumọ̀ "Ó di gbére, ó di àrìnnàkò"?

Ìbéèrè: Níbi ìsìnkú ìyá àgbà kan, àwọn ọmọ-osú ń dárò pé, "Ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Bó o bá dọ́run, má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o bá wọn jẹ." Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé òkú ń jẹun ni?

Ìdáhùn: "Ó di" yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fetí sí. Ojoojúmọ́ la fi ń kíra wa. Ẹni tó ń lọ sùn á ní ó dàárọ̀. Ẹni tí yóò tún yà lọ́la á ní ó dọ̀la. Ẹni tó ń rìnrìn-àjò á ní ó dàbọ̀, ìyẹn ni pé ó di ìgbà tí mo bá dé. Ìgbà tí a ó tún fojú kanra là ń dá fúnra wa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dárò bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ kí èèyàn ó dàbọ̀, àmọ́ kò sí àárọ̀, kò sí ọ̀la, kò sí àbọ̀ tó lè dá mọ́. Gbére ló kù, ìpínyà tí kò ní àdéhùn.

Síbẹ̀ kò dákẹ́. Bí kò ti rí ìgbà dá, ó ń wá ibi tí wọ́n tún lè pàdé. Àrìnnàkò ni kéèyàn máa lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ kó ṣe kòńgẹ́ ẹni tí kò retí lọ́nà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn akúdàáyà, tó kú nílùú kan tí wọ́n tún rí i nílùú mìíràn tó ń tajà, á mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń dọ́gbọ́n retí. Ti ojú àlá kò nílò àlàyé.

Ó wá ku ọ̀kùn àti ekòló. Inú ilẹ̀ tí a gbẹ́ ni wọ́n ń gbé, a sì mọ ẹni tí yóò jẹ ẹnìkejì níbẹ̀. Ọmọ kò lè la ẹnu sọ ìyẹn sí ìyá rẹ̀. Ó yí i po: ìwọ ni kó o má jẹ wọ́n. Èrò tèmi nìyẹn o. Ẹlòmíràn lè ní ìmọ̀ràn fún àlejò lásán ni. Ohùn ìyá tó ń rán ọmọ lọ sílé onílé kúkú ni: má ṣojúkòkòrò, ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ ni kó o jẹ. Lónìí, ọmọ ló ń fi ohùn yẹn rán ìyá. Ẹ tún gbọ́ bí "jẹ" ṣe sá pamọ́ sínú jọ̀kùn àti jekòló, tó jẹ́ pé ìparí ló tó dá dúró gbangba: "bá wọn jẹ."

Òkú àgbà ló ni irú arò yìí. Òkú ọ̀dọ́, òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹkún ni wọ́n ń sun níbẹ̀. Àwọn ọdẹ ní ìrèmọ̀jé tiwọn, arò tí wọ́n ń sun níbi ìṣípà ọdẹ, ìyẹn ètùtù ìkẹyìn fún ọdẹ tó kú. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ ère àkó tó jọ olóògbé gan-an, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ iyì, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, kí ojú lè tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ má sì fi "ó di gbére" kí ẹni tó ń wọkọ̀ lọ Èkó o. Ó dàbọ̀ ni tirẹ̀.