Bàbá wa kú, ìbọn wọn wà nílé: kí ni ká ṣe sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Bàbá wa, àgbẹ̀ ní agbègbè Ṣakí, ṣaláìsí láìpẹ́ yìí. A bá ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan àti ṣakabùlà kan ní yàrá wọn, pẹ̀lú páálí ọta. A rí láísẹ́ńsì ìbọn ẹlẹ́nu méjì náà, orúkọ Bàbá ló wà lórí rẹ̀. Ṣé èmi àkọ́bí lè máa fi ṣọ́ oko? Àbúrò mi tó wà ní Houston ní ẹ̀tọ́ wa ni. Àwọn ọmọ ilé sì fẹ́ yìn ín níbi ìsìnkú.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára.

Ẹ má lò ó o. Láísẹ́ńsì ìbọn kì í ṣe ogún bí ilẹ̀ tàbí ilé. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i nìkan ló ni àṣẹ náà, ó sì ti bá Bàbá lọ. Ní báyìí, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin máa bi.

Òótọ́ ni àbúrò yín ń sọ nípa ibi tó ń gbé. Níní ìbọn ti wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà láti 1791, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ sì dájọ́ lọ́dún 2008 pé ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni. Kò sí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lórí ohun ìjà níhìn-ín, ìdí sì nìyẹn tí awuyewuye fi ń wáyé lórí irú ìbọn tí Àmọ̀tẹ́kùn lè gbé.

Òfin ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́, ìbọn ológun bí AK-47, àti pump-action (èyí tí wọ́n ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn-síwájú kí ọta mìíràn lè bọ́ síbẹ̀) jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì wà ní ọ̀nà kejì, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ń fàṣẹ sí i. Ṣakabùlà ló kù, òun náà sì ń fẹ́ ìwé tirẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ nílé tó. Ẹ wá ìwé yẹn nínú ẹrù Bàbá. Ẹni tí wọ́n bá bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ láìníwèé, wọ́n lè fi òfin ìdigunjalè àti ìbọn gbé e lọ sílé ẹjọ́: owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì.

Ṣakabùlà yẹn gan-an ló ń kó mi lẹ́rù jù. Ẹ̀tù tí wọ́n kì sínú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbọn náà á sì dà bí òfìfo. Ẹ pe àgbà ọdẹ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni yóò kọ́kọ́ yọ fìlà kékeré tí òòlù ìbọn ń gbá, yóò wá ti ọ̀pá ìkẹ̀tù bọ ẹnu rẹ̀, yóò sì fi ọ̀pá náà wọn ara rẹ̀ lóde. Bí ọ̀pá kò bá dé ìdí, nǹkan wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má yọjú wo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n má sì yìn ín láti fi tú u. Ní ti ẹlẹ́nu méjì, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń fà. Ẹ ti irin kékeré tó wà lórí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìbọn á ṣẹ́ sí méjì, ẹ ó sì rí ihò méjèèjì. Bí ọta tó ti wú bá há síbẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti yàrá náà pa, kí ẹ wá lọ bá DPO lọ́wọ́ òfìfo. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn gbé ìbọn sórí ọ̀kadà pé òun ń lọ fi í sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú, láísẹ́ńsì Bàbá, àti lẹ́tà tí ẹ kọ nọ́ńbà ara ìbọn àti iye ọta sí. Ẹ ní kí wọ́n rán ọlọ́pàá wá gbé e. Kí lọ́yà tàbí àgbà ẹbí kan wà níbẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó ti wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn dáadáa. Bí ìbọn náà bá sọnù lọ́la, òun ni ẹ̀rí yín.

Ti ìsìnkú, ẹ ké sí àwọn ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ kí wọ́n fi ìbọn tiwọn ṣẹ̀yẹ, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ti Bàbá kò gbọ́dọ̀ jáde.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹlẹ́nu méjì náà fún oko, ẹ béèrè láísẹ́ńsì lórúkọ ara yín. Òfin kò fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Síbẹ̀, wọ́n ṣì lè sọ pé rárá.

Èmi kò sí lára àwọn tó ní kí ìbọn di ohun tí olówó ń rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé àgbẹ̀ tí ajínigbé ń dà láàmú lóko ní láti máa retí ìwé láti Àbújá, nígbà tí ajínigbé fúnra rẹ̀ kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n mú iṣẹ́ ìwé náà sún mọ́ abúlé, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde.

Bí wọn kò bá fún yín ní láísẹ́ńsì, ẹ lè ta ẹlẹ́nu méjì náà fún ẹni tí òfin fún láṣẹ láti ní irú rẹ̀. Láti àgọ́ ọlọ́pàá ni kó ti gbà á, kó má tún padà sílé yín kọ́kọ́.