Òkúta Kan Náà, Ilẹ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìbéèrè Yín Lórí Ilẹ̀ Òkè Yosemite

Ẹ kú ojúlọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tí mo ti sọ lóṣù tó kọjá pé màá sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ orí òkè gíga ni lẹ́tà ti ń wọlé, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà ní California. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀ torí ibì kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, ìyẹn páàkì ìjọba tó ń jẹ́ Yosemite àti agbègbè ẹ̀ lórí òkè Sierra Nevada.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Idanre ni mí, Fresno ni mò ń gbé báyìí. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ sí Yosemite nígbà họlidé, bá a ṣe débẹ̀ tí mo rí àwọn àpáta yẹn, omi bọ́ lójú mi, ńṣe ló dà bíi pé mo ti délé, àpáta ràgàjì tó yọrí sókè bíi ti Òkè Idanre gẹ́lẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo bu erùpẹ̀ ibẹ̀, iyanrìn ni ṣáá, ó ń yọ́ bọ́ láàárín ìka mi bíi gaàrí. Nílé wa ilẹ̀ pupa ni, ó ki, kòkó ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀. Ṣebí òkúta kan náà ni, kí ló wá dé?

ÌDÁHÙN: Ojú yín ríran o, ọmọ Idanre. Giránáìtì ni ti Idanre, ẹbí giránáìtì náà ni ti Yosemite, hóró òkúta tí wọ́n ń pè ní kúọ́ọ̀tsì, fẹ́lísípà àti máíkà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ orí wọn ló jìnnà síra, ti Yosemite wà láàárín mílíọ̀nù ọdún 80 sí 120, ti Idanre ti lé ní mílíọ̀nù ọdún 500. Àmọ́ ọjọ́ orí kọ́ ló ya ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀, ohun tójú òkúta náà rí ni.

Ẹ jẹ́ n mú un wá sílé ìdáná, torí ibẹ̀ ló ti yé èmi gan-an. Ẹ mú ẹ̀gẹ́ kan, ẹ gé e sí méjì. Ẹ rẹ ìlàjì kan sómi fún ọjọ́ mẹ́rin, ó máa rọ̀, á kan, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ á fọ́, ó ti di nǹkan míì nìyẹn, fùfú ló ń lọ. Ẹ wá sá ìlàjì kejì gbẹ, ẹ gbé e sórí ọlọ kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́. Ó máa kúnná o, àmọ́ ẹ̀gẹ́ ṣì ni, kò tíì yí padà. Idanre ni èyí tá a rẹ. Yosemite ni èyí tá a lọ̀.

Nílé wa, òjò àti ooru ti ń rẹ àpáta yẹn látayébáyé. Fẹ́lísípà inú ẹ̀ jẹrà di amọ̀, irin inú máíkà dípẹtà, ìpẹtà yẹn ni pupa tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn. Amọ̀ ló ń mú kí ilẹ̀ ki, òun ló ń di omi mú de kòkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní Yosemite, yìnyín ló ṣe ọlọ. Nígbà tí ayé tutù ju báyìí lọ, sínóò máa ń rọ̀ sórí òkè yẹn tí kì í yọ́ tán kí tọdún tó ń bọ̀ tó dé, wọ́n ń gun ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ fún pọ̀ di yìnyín, ó nípọn, ó wúwo débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sísàlẹ̀ òkè díẹ̀díẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní glésíà nìyẹn. Yìnyín nìkan ò lè ha giránáìtì o, òkúta tó gbé sábẹ́ ló fi ń ha á, ìyẹn gan-an ni ọmọ ọlọ. Ó wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀kan wà, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àfonífojì Yosemite dé etí, orí àpáta ńlá tí wọ́n ń pè ní Half Dome ṣì yọ sókè yìnyín. Èyí tó kẹ́yìn kéré sí i, ó le jù ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tó fi máa di 15,000 ọdún sẹ́yìn ó ti kúrò.

Bó ṣe ń lọ ló da òkúta àti iyanrìn tó rù sílẹ̀ bí òkìtì, òkìtì yẹn sé ọ̀nà omi, adágún dúró lẹ́yìn ẹ̀, odò Merced wá ń kó iyanrìn sínú adágún náà títí ó fi kún. Ibi tẹ́ ẹ páàkì mọ́tò sí tó tẹ́jú rẹrẹ yẹn, ìkòkò tí iyanrìn kún ni. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ìró bọ́ǹbù kékeré wádìí ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n rí i pé láwọn ibì kan, kí èèyàn tó kan àpáta gidi, ó máa tó ẹsẹ̀ bàtà 2,000. Ògiri El Capitan tó ń bà yín lẹ́rù yẹn ò ju nǹkan bí 3,000 lọ láti ilẹ̀ dé orí, ẹ wá ro bí ohun tó wà lábẹ́ yẹn ṣe jìn tó.

Kí ló wá dé tí iyanrìn yẹn ò tíì jẹrà bíi tilé? 15,000 ọdún, àná ni lójú giránáìtì. Lórí òkè Tuolumne ní Yosemite, àwọn ibì kan wà tí yìnyín ti bó àpáta lára, ó ṣì ń dán títí dòní bíi tábìlì tí wọ́n kùn ní fáníìṣì. Ìkejì ni pé ojú ọjọ́ ibẹ̀ ò bá jíjẹrà lọ. Òkúta nílò omi àti ooru pa pọ̀ kó tó jẹrà, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìgbà tómi bá wà òtútù ló wà, sínóò ló bo gbogbo ilẹ̀, ìgbà tí oòrùn bá sì mú, òjò ti lọ. Àwọn méjèèjì kì í pàdé dáadáa.

Ohun kan tó máa ya yín lẹ́nu rèé. Kì í ṣe Yosemite nìkan niyanrìn yẹn dúró sí. Omi tó ń yọ́ lára yìnyín kó púpọ̀ nínú ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ̀yin ń gbé yẹn. Irú ilẹ̀ tí ìjọba California fi ṣe àmì ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún 1997, tí wọ́n ń pè ní San Joaquin, irú erùpẹ̀ giránáìtì tó sọ̀ kalẹ̀ láti Sierra ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ náà ti pẹ́ gan-an, ooru sì wà fún un, ó ti pọ́n díẹ̀, ó tiẹ̀ ti di líle bíi sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀, tó jẹ́ pé nígbà kan àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fi dánámáìtì fọ́ ọ kí wọ́n tó gbin igi eléso. Tẹ́ ẹ bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé yín tí ṣọ́bìrì bá dédé kan nǹkan líle, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Sítúdẹ́ǹtì ni mí, mo lọ kàm̀pù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi lẹ́bàá odò Merced. Iyanrìn inú omi yẹn ń dán bíi gólù, góòlù gidi sà, mo bu díẹ̀ sínú ìgò. Ṣé wúrà ni?

ÌDÁHÙN: Rárá, àbúrò mi, máíkà ni. Dúdú ló máa ń jẹ́ nínú òkúta, tómi àti afẹ́fẹ́ bá ti ń bá a jà, á ṣí, á wá ń dán bíi wúrà. Gbé ìgò yẹn sábẹ́ òjìji: wúrà ṣì máa pọ́n, máíkà á kú. Tó o bá fi abẹ́rẹ́ gún un, máíkà á ya pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, wúrà ò ní ya, ńṣe ló máa wọnú. Àmọ́ má wò ó bí ohun yẹpẹrẹ o. Nígbà tí máíkà inú giránáìtì bá fa omi, ó máa ń wú, wíwú yẹn ló ń ti àwọn tó yí i ká títí àpáta á fi fọ́ di taàrá. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ilẹ̀ tó o tẹ̀ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, nígbà míì fi iyanrìn odò sílẹ̀ níbi tó wà, páàkì ìjọba ni, wọn ò gbà ká kó nǹkan níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. A lọ sí Tuolumne Meadows lóṣù kéje, ọkọ mi fẹ́ tẹ́ aṣọ sáàárín pápá ká jẹun níbẹ̀, a wá rí pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ká má kúrò lójú ọ̀nà. A ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n koríko lásán ṣáà ni, kí ló wà nínú ilẹ̀ yẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí pátákó wí, mà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn máa ń ká mi lára, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

Pápá yẹn ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8,600. Nígbà tí yìnyín bo ibẹ̀, yìnyín náà nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 2,000 láwọn ibì kan, nígbà tó sì máa lọ, ó ti gbá gbogbo ilẹ̀ àtijọ́ lọ, ó ku àpáta àti iyanrìn. Iyanrìn yẹn ò lóúnjẹ púpọ̀ fún igi. Nitrojin ò sí nínú giránáìtì tó nǹkan kan, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ẹ̀ kéré, pọtáṣíọ̀mù wà, àmọ́ ó ṣì há sínú fẹ́lísípà tí ò tíì jẹrà. Apá kan lára oúnjẹ ilẹ̀ òkè Sierra, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá, lọ́dún 2017 àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde pé eruku láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ California, àti láti Éṣíà lọ́hùn-ún pàápàá, ń bọ́ sórí òkè yẹn pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti gbá eruku ọyẹ́ kúrò lórí tábìlì rí nílé, tó mọ̀ pé láti Sàhárà ló ti wá, kò ní jiyàn èyí.

Nínú kòtò tó rẹlẹ̀ níbi tómi máa ń dúró, ibẹ̀ ni pápá wà. Koríko hù, ó kú nígbà òtútù, omi àti òtútù ò jẹ́ kí gbòǹgbò ẹ̀ jẹrà tán, tọdún tó tẹ̀ lé e tún hù lé e lórí, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ilẹ̀dú tó wà lábẹ́ ẹ yín níbẹ̀, ọdún melòó kan kọ́ ló fi kóra jọ. Gbòǹgbò hun ún pọ̀ bí ẹní. Tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó tutù, ó máa kì, omi ò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, á máa ṣàn lórí, á gé ilẹ̀, gọ́tà yẹn á wá máa fa omi inú pápá jáde. Tí ilẹ̀dú bá ti gbẹ tí afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀, gbogbo ohun tó tọ́jú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, igi páìnì á wọlé, pápá á lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún 1860 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àgùntàn gùn ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Lọ́dún 1890 ìjọba sọ ọ́ di páàkì, ọdún kejì ẹ̀ sójà dé láti lé àgùntàn jáde. Mo fẹ́ káwọn ọmọ yín mọ èyí o: lọ́dún 1899, 1903 àti 1904, sójà aláwọ̀ dúdú ló ń ṣọ́ Yosemite, àwọn tí wọ́n ń pè ní Buffalo Soldiers. Ní páàkì Sequoia tí ò jìnnà síbẹ̀, Charles Young, ẹni tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Kentucky lọ́dún 1864, ló ṣe ọ̀gá níbẹ̀ lọ́dún 1903. Nínú ọwọ́ tó dáàbò bo ilẹ̀ yẹn, ọwọ́ dúdú wà níbẹ̀, kì í sì í sábà wà nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ.

Nísàlẹ̀ nínú àfonífojì náà, tinútinú ni wọ́n fi ṣe àṣìṣe tiwọn. Lọ́dún 1879 Galen Clark tó ń tọ́jú ibẹ̀ fi bọ́ǹbù fọ́ òkìtì òkúta yìnyín tó wà nítòsí El Capitan, kí omi lè fà kúrò lórí pápá. Omi fà lóòótọ́. Odò rẹlẹ̀, pápá sì ń gbẹ títí dòní. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn Ahwahneechee tó ni ibẹ̀ máa ń dáná sun pápá lásìkò, ìyẹn ni ò jẹ́ kí páìnì gbà á, àmọ́ wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ìlú kékeré kan lórí òkè Sierra ni iṣẹ́ gbé mi wá. Mo gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé, iyanrìn giránáìtì ni, bí mo ṣe ń bomi ló ń lọ. Tẹ̀tẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ewédú ò tiẹ̀ jáde. Fẹ́tílásà tí mo dà sí i ò ṣe nǹkan kan.

ÌDÁHÙN: Fẹ́tílásà yẹn bá omi lọ sísàlẹ̀ ni, torí amọ̀ ò sí níbẹ̀ tó máa dì í mú. Ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan mọ́, ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ṣùgbọ́n oògùn gidi ni ìràwé àti kọ́ḿpọ́ọ̀sì, ẹ kó o púpọ̀ sínú ìyanrìn yẹn lọ́dọọdún, ẹ tún fi ìràwé bo ojú ilẹ̀ kí oòrùn má fa omi ẹ̀, òun ló máa ṣe iṣẹ́ tí amọ̀ ń ṣe nílé. Abẹ́rẹ́ páìnì náà dáa fún bíbo ilẹ̀, ẹ má gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé ó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ wọn pH ẹ̀, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe kan tó, kẹ́ ẹ tó da ẹfun ilẹ̀ sí i, ilẹ̀ yẹn sábà máa ń kan díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ẹ má sì lọ bu ilẹ̀dú nínú pápá o, ẹ ti ka ohun tí mo sọ lókè.

Ní ti ewédú, ooru ló fẹ́, alẹ́ òkè yẹn tutù jù fún un. Ẹ gbìn ín sínú ike ńlá dúdú, ẹ gbé e sára ògiri tó dojú kọ oòrùn, ẹ máa gbé e wọlé lálẹ́ títí dìgbà tí òtútù bá lọ pátá. Kélì àti sípínáàṣì ò ní dààmú yín níta, wọ́n fẹ́ràn òtútù, tẹ́ ẹ bá rẹ́ wọn sínú ẹ̀gúsí, ẹ máa jẹun dáadáa.