Ṣé Mo Lè Tọ Ọ̀gá Mi Àtijọ́ Lọ fún Lẹ́tà Ẹ̀rí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù ní oṣù kẹta ọdún yìí. Ọ̀gá mi gan-an ló pè mí wọlé tó fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́, a kò sì tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ní báyìí, mo fẹ́ lọ kàwé gboyè kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì sì ní kí n mú ẹlẹ́rìí méjì wá tí yóò kọ lẹ́tà nípa mi, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó lè kọ ohun tí yóò bà mí jẹ́.
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, ẹ sì tọ̀ ọ́ lọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí iṣẹ́ yín tó ẹni tí ẹ ń jábọ̀ fún.

Ní ti ìtìjú, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìpín 20, pe irú ìdádúró yìí ní pípàdánù iṣẹ́ láìjẹ́ ìfẹ́ inú òṣìṣẹ́, nítorí pé òṣìṣẹ́ pọ̀ ju ohun tí ilé-iṣẹ́ nílò lọ. Kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Ẹ tún lẹ́tà yín kà. Bí ó bá jẹ́ pé àdínkù òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí ohun tí ẹ ń fara pamọ́ fún.

Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán bẹ̀rẹ̀. Ẹ pè é, ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè àlàáfíà ilé, kí ẹ tó bi í pé: “Ọ̀gá mi, ṣé ẹ rò pé ẹ mọ iṣẹ́ mi dé ibi tí ẹ fi lè kọ lẹ́tà tó dára fún mi?” Ìbéèrè yìí fún un láyè láti kọ̀ láìsí ìjà. Bí ó bá ń lọ́ tìkọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá ọ̀gá mìíràn tó mọ iṣẹ́ yín. Báyìí ni ẹ ṣe lè yẹra fún ohun tí ẹ ń bẹ̀rù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ ni èyí tó ti mọ́ wa lára nílẹ̀ yìí, tí ọ̀gá á ní, “Lọ kọ ọ́ wá, kí n buwọ́ lù ú.” Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ni yunifásítì ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi líǹkì ránṣẹ́ tààrà sí ímeèlì rẹ̀, wọ́n sì máa ń fẹ́ àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ ju Gmail tàbí Yahoo lọ. Dípò kí ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ ojú ìwé kan tí yóò rán an létí, nítorí ẹni tó ń darí òṣìṣẹ́ púpọ̀ kò lè rántí gbogbo nǹkan. Kí ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ṣe pàtó, bí àpẹẹrẹ: “Ní oṣù kẹsàn-án, mo rí i pé a ti san owó agbaṣẹ́ṣe kan lẹ́ẹ̀mejì, mo tọpa rẹ̀, a sì gba owó náà padà.” Ẹ fi orúkọ ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kà àti ọjọ́ tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé kún un, kí ẹ sì fún un ní ó kéré tán oṣù kan.

Ẹ tún bẹ̀ ẹ́ kó fi gbólóhùn kan sọ pé àdínkù òṣìṣẹ́ ló mú yín kúrò. Àwọn tó ń yẹ ìwé yín wò yóò rí i nínú CV yín pé iṣẹ́ dúró ní oṣù kẹta, ẹnu ọ̀gá yín ló sì dára jù kí wọ́n ti gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí ìlànà ilé-iṣẹ́ náà bá ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ nìkan ló lè kọ̀wé lórúkọ wọn, ẹ béèrè bóyá ó lè kọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún yunifásítì bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Bí ẹ bá ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Chevening tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni lọ́kàn, ìrírí iṣẹ́ tó tó wákàtí 2,800 ni wọ́n ń béèrè. Ọdún mẹ́rin yín kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdádúró yìí kò sì gba ìkankan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ pe ọ̀gá yín lọ́sẹ̀ yìí.