Ẹ Bi Ìyá Ọlọ́tí: Wáìnì tó ṣẹ́kù sínú ìgò

Lẹ́tà yín lórí wáìnì pọ̀ lóṣù yìí, àfi bíi pé gbogbo yín jọ ṣí ìgò lọ́jọ́ kan náà. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ẹni tó bá ń wá orúkọ wáìnì tó dùn jù kó ní sùúrù dìgbà míì. Ọ̀rọ̀ èyí tó ṣẹ́kù là ń sọ lónìí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ọlọ́tí. Tíṣà ni mí l'Óṣogbo. Ọkọ mi kì í mutí, èmi nìkan ni mò ń mu wáìnì pupa nílé, ife kan péré lálẹ́ Jímọ̀. Mo máa ń dé e padà dáadáa, màá sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kó tó di Jímọ̀ kejì, ó ti kan. Wọ́n sì ní wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì. Kí ni ṣíṣe, mà? — Tíṣà Onífe Kan

Ìdáhùn: Tíṣà mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó ní wáìnì pupa kì í wọ fíríìjì, ìlú olótùútù ló ti gbọ́ ọ. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń wí ni pé kéèyàn má mu ún ní tútù nini. Mímu lọ̀tọ̀, títọ́jú lọ̀tọ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù l'Óṣogbo a máa tó 30°C lọ́sàn-án, fíríìjì kò sì ju nǹkan bíi 4°C lọ. Ohun tó ń yára ba wáìnì yín jẹ́ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò máa ṣe nínú òtútù.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá wáìnì. Bí ẹ bá ti bu ife kan, afẹ́fẹ́ ló gba àyè ife yẹn. Bí ẹ bá wá dé e padà, ẹ dé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn nínú ni. Òórùn èso á kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ó máa gbọ́ òórùn bíi ti ápù tí wọ́n gé sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tún wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣayé, ooru sì dùn mọ́ wọn. Àwọn ló ń sọ ọtí inú wáìnì di ọtí kíkan. Ìdí nìyẹn tí ìgò tó kù díẹ̀ fi ń tètè bà jẹ́ ju èyí tó ṣì kún lọ.

Bí èmi ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ wá ìgò gíláàsì tó gba 50cl, tó ní ìdérí onílílọ́. Ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ má fi ọṣẹ sí i, kí ẹ dojú rẹ̀ dé títí yóò fi gbẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí wáìnì 75cl yín, kí ẹ tó bu ti ẹnu yín rárá, ẹ ti àrọ bọ ẹnu ìgò kékeré yìí, kí ẹ rọra máa da wáìnì sí i kó má baà hó. Ẹ dà á títí yóò fi kún dé góńgó, débi pé bí ẹ bá ń lọ́ ìdérí, díẹ̀ á dà sí yín lọ́wọ́. Ẹ má bínú sí díẹ̀ yẹn, òun ló ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò ráyè. Ẹ gbé e sí fíríìjì. Èyí tó kù nínú ìgò ńlá á tó ife yín, á sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé. Èyí tó wà nínú ìgò kékeré á dúró dè yín di Jímọ̀ kejì. Ẹ yọ ọ́ síta ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún.

Bí kò bá sí ìgò kékeré, kọ́ọ̀kì náà ni. Ojú tó ti kan wáìnì tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi wọlé. Mo mọ̀ pé ojú kejì ló rọrùn láti tì bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òun ni eruku ṣọ́ọ̀bù wà lára rẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà nàró nínú fíríìjì. Bó bá dùbúlẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bá a pàdé á gbòòrò sí i. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún irú èyí. Bí kò bá síná, kúlà oníyìnyín á ṣe é. Èyí tó bá ti kan, ẹ fi rẹ ẹran màlúù líle mọ́jú pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata gígún.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ o, mà. A ṣí ṣáńpéènì níbi ìkómọjáde wa, ó kù sí ààbọ̀. Àǹtí mi ti ṣíbí fàdákà bọ ẹnu ìgò, wọ́n ní gáàsì rẹ̀ kò ní lọ. Ṣé òótọ́ ni? — Bàbá Ìkókó, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, Ọlọ́run á wo ọmọ náà. Irọ́ ni ti ṣíbí, ì báà jẹ́ fàdákà, ì báà jẹ́ wúrà. Ṣíbí kò dé ẹnu ìgò. Gáàsì á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Inú fíríìjì ni wọ́n máa ń gbé ìgò náà sí tòun ti ṣíbí. Ọtí tó bá tutù a máa di gáàsì rẹ̀ mú, nítorí náà òtútù ló ṣiṣẹ́, ṣíbí ló gba ọpẹ́. Kọ́ọ̀kì tó ti fò jáde kò lè wọlé mọ́, ìdí rẹ̀ ti fẹ̀. Ẹ ra ìdérí onírin tó ní apá méjì tí wọ́n fi ń di ọrùn ìgò mú, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ méjì, ó pẹ́ tán ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ irú èyí tí kò ní ọtí nínú, tí wọ́n ń gbé fún àwọn ọmọdé níbi àríyá, fíríìjì náà ni ilé rẹ̀. Ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ọtí tó máa dáàbò bò ó. Ó lè bu.

Ẹ má bá Àǹtí jà o. Ẹ fi ṣíbí wọn jẹ ìrẹsì.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó wà ní Manchester fi pọ́ǹpù Vacu Vin ránṣẹ́ sí mi, tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò. Ọ̀rẹ́ mi ní Coravin ló dáa jù. Kí lẹ rí sí i? — Alàgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Ẹ lo pọ́ǹpù yín, Alàgbà, ọmọ ló fi ránṣẹ́. Ó ń fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde lóòótọ́, kò lè fa gbogbo rẹ̀, nítorí náà kò ní kí ẹ má gbé ìgò sí fíríìjì. Ẹ má lò ó fún wáìnì tó ń hó láéláé. Gáàsì tí ẹ fowó rà lẹ ó máa fà dànù. Coravin, tó jáde lọ́dún 2013, abẹ́rẹ́ ló ń tì gba inú kọ́ọ̀kì, bí wáìnì ṣe ń jáde ni gáàsì argon ń rọ́pò rẹ̀, gáàsì yẹn kì í sì í bá wáìnì jà. Ó dáa fún ẹni tó ní ìgò olówó ńlá tó fẹ́ máa tọ́ wò fún oṣù mélòó kan. Fún wáìnì tí èmi àti ẹ̀yin ń rà, owó gáàsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó ọtí lọ.

Bó bá jẹ́ ọtí tó máa pẹ́ nílé lẹ ń wá, ẹ ra Port, wáìnì kan tí wọ́n fi ọtí líle kún. Ọtí inú rẹ̀ tó nǹkan bí 20%, èyí tí wọ́n ń pè ní tawny sì lè lo oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i. Wáìnì mìíràn tó ń jẹ́ Madeira lè pẹ́ jù ú lọ fíìfíì: inú ooru àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kí la tún fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń tọ́jú ohun èlò pẹpẹ ní ìjọ Kátólíìkì wa l'Ábẹ́òkúta. Ìgò wáìnì Máàsì kan ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́wọ́ wa, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló sì ń wà. Fáádà ní ó ti ń kan. — Ìránṣẹ́ Pẹpẹ

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ tiyín kọjá adùn. Òfin Ìjọ, ẹsẹ 924, ní wáìnì Máàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èso àjàrà, kò sì gbọdọ̀ bà jẹ́. Èyí tó bá ti di ọtí kíkan kò ṣe é lò. Ẹ pín ìgò náà sínú àwọn ìgò kéékèèké lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, bí mo ṣe ṣàlàyé fún Tíṣà, kí ẹ bẹ Fáádà kí fíríìjì kékeré kan wọ sákírísítì, yàrá tí ẹ ń kó ohun èlò pẹpẹ sí. Kí ẹ sì máa gbọ́ òórùn rẹ̀ kí Máàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí Fáádà á fajú ro.

Ìbéèrè: Ẹlẹ́mu wa ní Ìkéré-Èkìtì bu ẹmu fún mi. Mo rọ ọ́ kún ike, mo lọ́ ìdérí pa, mo gbé e sí búùtù mọ́tò. Kí n tó dé Èkó, ó ti bú. Ṣé kò ṣe é tọ́jú bíi wáìnì ni? — Ọmọ Èkìtì, Lẹ́kkí

Ìdáhùn: Kò ṣe é ṣe, ọmọ mi. Wáìnì ti parí híhó rẹ̀ kó tó wọ ìgò. Ẹmu ṣì ń hó lọ ràì, gáàsì ló sì ń tú jáde. Èyí tí wọ́n ń rọ sí ìgò tó ń pẹ́, bíi ti NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ lẹ́bàá ìlú Bìní, wọ́n ti fi iná pa ohun tó ń mú un hó. Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́: ọdún 1863 ni Napoleon Kẹta, olú-ọba ilẹ̀ Faransé, ní kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur wádìí ohun tó ń ba wáìnì ilẹ̀ Faransé jẹ́, ooru níwọ̀nba ni Pasteur fi yanjú ẹ̀.

Nígbà míì, rọ ọ́ dé ìdajì ike, lọ́ ìdérí ní ààbọ̀, kí o gbé e nàró sínú kúlà oníyìnyín lẹ́sẹ̀ ara rẹ, má gbé e sí búùtù. Bó o bá dé Ọ̀rẹ, ṣí i kó mí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni kí o pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Bó bá di ọjọ́ kejì, á ti kan.