Ṣé fífọ ìfun lè wo àìsàn lupus sàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún 26, ti ń bá àìsàn lupus fínra láti ọdún méjì sẹ́yìn. Hydroxychloroquine àti prednisolone ni wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn. Ìyá kan tó ń ta àgbo ní Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo sọ fún wa pé ìfun rẹ̀ ló ń jò, pé ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, àti pé bí ó bá fi àgbo fọ inú fún ọjọ́ 21, láìlo oògùn òyìnbó mọ́ ọn, ara rẹ̀ yóò dá. Èwo nínú àwọn oògùn afọnú ni ẹ rò pé ó dára jù fún un?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, kí n tó dé orí ohunkóhun mìíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó dá prednisolone dúró lójijì. Bí ó bá ti dá a dúró kí ẹ tó ka ìdáhùn yìí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lónìí. Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹṣẹ́ kékeré kan wà tí ó ń pèsè èròjà tí a ń pè ní kọ́tísọ̀lù, èyí tí ara fi ń dúró nígbà àìsàn àti wàhálà. Bí ènìyàn bá ti lo prednisolone ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹṣẹ́ yìí lè sùn lọ, nítorí pé oògùn náà ti ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá wá yọ oògùn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹṣẹ́ kò ní tíì jí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò já wálẹ̀, èébì àti àárẹ̀ yóò dé, aláìsàn sì lè kú. Díẹ̀díẹ̀ ni a máa ń dín in kù, dókítà tí ó kọ ọ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ máa dín in kù.

Ẹ béèrè èwo ló dára jù. Ìbéèrè náà ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìfun àbúrò yín dọ̀tí, pé ó sì nílò fífọ̀, ibẹ̀ gan-an ni n kò ti lè bá yín lọ. Lupus kì í ṣe àìsàn ìdọ̀tí. Àìsàn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara fi ń kọjú ìjà sí onílé ni: wọn kò dá ọ̀tá mọ̀ mọ́, wọ́n sì ń kọlu awọ ara, oríkèé, ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti kíndìnrín ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Nínú ènìyàn 10 tí ó ní in, nǹkan bí 9 ni obìnrin, ìgbà ọ̀dọ́ ni ó sì máa ń mú wọn jù.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá alágbo náà, n kò sì ní fi í pamọ́, nítorí pé òun ni ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn ènìyàn létí. Ìfun ní ọwọ́ nínú àìsàn yìí. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bakitéríà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Enterococcus gallinarum lè jáde kúrò nínú ìfun eku, kí ó wọ inú ẹ̀dọ̀, kí ó sì ru àwọn ẹ̀ṣọ́ ara sókè. Ní 2019, àwọn onímọ̀ mìíràn ní New York rí i pé bakitéríà tí a ń pè ní Ruminococcus gnavus pọ̀ nínú ìfun àwọn obìnrin tí ó ní lupus ju ti àwọn tí ara wọn le lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 5. Irú ìwádìí báyìí ni àwọn ènìyàn ń gbá mú tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìfun tó ń jò.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ nínú wọn pé kí a fọ ìfun. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ìlú kan wà nínú ìfun wa, tí àìmọye kòkòrò àìfojúrí ń gbé, àti pé nígbà tí àwọn ẹni rere inú ìlú náà bá dín kù ni àwọn jàǹdùkú ń rí àyè. Àgbo tí ń fọ inú, bí irú èyí tí wọ́n ń fi ewé àsúnwọ̀n sè, kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí jàǹdùkú. Ó ń gbá gbogbo wọn lọ ni. Ó tún ń fa omi àti pòtásíọ̀mù jáde kúrò lára, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín tí lupus ti ń yọ lẹ́nu kò fẹ́ kí omi ara gbẹ rárá. Ìgbẹ́ gbuuru sì lè gbé oògùn tí aláìsàn lò ní àárọ̀ jáde kí ara tó gbà á.

Mo ní aláìsàn kan tí ó fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje nítorí irú àgbo bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó jókòó níwájú mi, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ti wọ inú ẹran ìka, kò ṣeé bọ́. Mo ní kí ó tọ̀ sínú ike, mo sì gbé e ka orí tábìlì. Ìtọ̀ náà ń hó bí omi ọṣẹ, ìfófòó náà kò sì lọ títí tí mo fi kọ ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ tán. Pùròtéènì tí kíndìnrín kò lè dì mú mọ́ ni ó ń hó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ kò padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Inú ń bí mi títí di òní, kì í ṣe sí obìnrin náà, bí kò ṣe sí ẹni tí ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ara wíwú náà ni ìdọ̀tí tí ń jáde.

Ẹ má rò pé mo ń bú àgbo. Ohun tí mo ń sọ ni pé èmi àti ẹ̀yin kò mọ ohun tí ó wà nínú gálọ̀nù àgbo ìyá náà, ìwọ̀n rẹ̀, tàbí omi tí wọ́n fi sè é. Bí ó bá jẹ́ omi odò Ọ̀ṣun ni, ẹ rántí pé ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má mu ún, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ìwakùsà ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ran ìfun rẹ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, oúnjẹ ni kí ẹ fi ràn án lọ́wọ́, kí oògùn rẹ̀ sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Àwọn kòkòrò rere inú ìfun ń jẹ fáíbà, ìyẹn àwọn èròjà inú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà tí kì í dà nínú ikùn, àwọn ni wọ́n sì ń sọ ọ́ di èròjà tí ń bọ́ awọ inú ìfun. Nítorí náà, ẹ̀wà, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ilá àti èso ni kí ó pọ̀ nínú àwo rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹja titus tàbí sàdíìnì rọ́pò ẹran pupa lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ọ̀rá rere inú wọn. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù, torí prednisolone a máa mú kí ara di omi mú. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ ti kan, dókítà lè ní kí ó dín díẹ̀ kù nínú ẹ̀fọ́ àti èso wọ̀nyí, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Irú dára nínú ọbẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná dára, ṣùgbọ́n iná ti pa àwọn kòkòrò inú ògì. Omídùn tútù ni wọ́n ṣì wà láàyè, n kò sì ní gba ẹni tí ń lo oògùn tí ń rẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara sílẹ̀ níyànjú pé kí ó mu ún, nítorí a kò mọ omi tí wọ́n fi sẹ́ ògì náà.

Ẹ yẹ ara ìgò àwọn oògùn afúnnilókun wò dáadáa kí ẹ tó rà wọ́n. Bí ẹ bá rí alfalfa níbẹ̀, ẹ dá a padà: èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ó fa àìsàn tó jọ lupus lára àwọn ọ̀bọ tí a fi ṣe ìwádìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń jù hydroxychloroquine nù pé oògùn ibà ni, pé àwọn kò ní ibà. Ìbátan oògùn ibà àtijọ́ náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú lupus, ó sì ń dín bí àìsàn náà ṣe ń ru sókè kù. Kí ó ṣáà máa lọ fún àyẹ̀wò ojú bí wọ́n bá ṣe dá a fún un.

N kò tíì fi ojú kan àbúrò yín, nítorí náà, ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ mú un lọ bá a kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá ti mu nínú àgbo náà, ẹ má dà á nù, ẹ má sì tijú: ẹ gbé gálọ̀nù náà dání lọ.